Sàká Lórí Iṣẹ́ Ọwọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Zaynab Ọmọ Jahsh

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tà ní Ọlọ́runṣògo àti agbègbè rẹ̀: àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, àwọn tó ń rán báàgì àti fìlà, àwọn tó ń ṣe bàtà aláwọ. Àwọn kan nínú wọn rò pé oníṣòwò nìkan ni sàká wà fún, pé iṣẹ́ ọwọ́ ni tiwọn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ta ni Zaynab?

Zaynab ọmọ Jahsh, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó Ànábì (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Ó máa ń ṣe awọ, ó máa ń rán an, ó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe sàráà. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì sọ fún àwọn ìyàwó rẹ̀ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn jù nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ bá òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọwọ́ wọn. Zaynab ló ṣáájú wọn kú, ní ọdún 20 Híjírà. Áíṣà ṣàlàyé pé ọwọ́ rẹ̀ ló gùn jù, nítorí pé ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣe sàráà.

2. Kí ni a ó kà?

Èèlò iṣẹ́ kò ní sàká: ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀mú, òòlù, tábìlì. Ohun tí a rà láti fi ṣe ọjà ni a ó kà: ìlẹ̀kẹ̀ inú ike, awọ, aṣọ òkè tí a rà ní Ọjẹ́ tí a kò tíì gé, àti ọjà tí a ti ṣe parí. Ẹ fi owó ọwọ́, owó báǹkì àti gbèsè tó dá yín lójú pé oníbàárà yóò san kún un. Ẹ yọ gbèsè tí ẹ jẹ, tó ti tó san, kúrò.

Lórí ọjà tí a ti ṣe parí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí a ṣírò iye tó ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà. Àwọn kan tó ń tẹ̀lé Ìmáàmù Mālik ní iye ohun tí a fi ṣe é nìkan ni, láìka owó iṣẹ́. Ẹ bi àlùfáà yín.

Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó nìsáàbù, ìyẹn gírámù 85 wúrà tàbí gírámù 595 fàdákà, tí ọdún òṣùpá kan sì yí lé e, ìdá kan nínú 40 ni sàká rẹ̀. Kí a sọ pé ó jẹ́ ₦4,000,000, tó sì tó nìsáàbù fàdákà: sàká rẹ̀ jẹ́ ₦100,000. Iye náírà kì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹ wádìí iye fàdákà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣírò.

3. Ta ni a ó fún?

Súúrà Tawbah, áyà 60, ka irú ènìyàn mẹ́jọ. A kò dárúkọ ọmọ òrukàn níbẹ̀. Àìní rẹ̀ ló ń mú un wọlé. Èyí tí bàbá rẹ̀ fi ogún tó tó o sílẹ̀ fún kò lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká. Dúkìá rẹ̀ ni ká bá a ṣọ́, nítorí ìkìlọ̀ inú Súúrà Nisā, áyà 10, le púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọbìnrin òrukàn tó kọ́ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ní ọdún méjì, tó ti ṣe fíríìdọ̀mù, tí kò rí owó ẹ̀mú, òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Yóò padà máa kiri ọjà fún olọ́jà, iṣẹ́ tó kọ́ yóò sì kú sí i lọ́wọ́. Ìrẹsì tí a bá fún un yóò tán láàrin oṣù kan. Ìmáàmù an-Nawawi, tó kú ní ọdún 676 Híjírà, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ al-Majmū pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́, kí a fún un ní ohun tí yóò fi ra èèlò iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Èèlò náà gbọ́dọ̀ di tirẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe àwìn, a kò sì gbọdọ̀ gbà á padà.

4. Iṣẹ́ tí a ó ṣe

Kí oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ kan nínú ọdún òṣùpá, kó ka ọjà rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó nìsáàbù, sàká kò di dandan fún un, ṣùgbọ́n ó lè gba ọmọ òrukàn kan sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìgba owó ẹ̀kọ́ṣẹ́. Sàráà ńlá nìyẹn náà.

Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kó gba sàká wa, kó sì máa ṣọ́ àwọn ọmọ òrukàn wa. Àmín.