Ohun Ìjà Monk Nínú Dungeons & Dragons

Dungeons & Dragons jẹ́ eré àfinúrò tí wọ́n ń fi dáìsì ṣe lórí tábìlì. Ọdún 1975 ni ajagun tí wọ́n ń pè ní Monk wọ inú rẹ̀, nínú ìwé àfikún tí wọ́n pè ní Blackmoor. Ajagun yìí kì í gbé apata tàbí wọ ẹ̀wù irin; ìyára ara ló fi ń jà ju agbára apá lọ.

Nínú òfin ọdún 2014, idà kúkúrú àti àwọn ohun ìjà ìfarakanra tí kò ṣòro láti lò, bí ọ̀pá, ọ̀kọ̀ àti dòjé, ló bá a mu. Èyí tó bá wúwo tàbí tó gba ọwọ́ méjì dandan kò sí níbẹ̀. Nunchaku àwọn ará Éṣíà náà wà, òfin kùmọ̀ ni wọ́n sì fi ń lò ó.

Ní ìpele 1 nínú òfin 2014 yìí, dáìsì olójú mẹ́rin péré ni wọ́n ń jù fún ọṣẹ́ tí ẹ̀ṣẹ́ Monk ń ṣe. Ọ̀pá ń lo olójú mẹ́fà. Bó bá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó di mẹ́jọ. Bó bá sì ti fi ọ̀pá lu ọ̀tá tán, ó ṣì lè ta á nípàá lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ọ̀kọ̀ rí, àmọ́ ó tún ṣeé jù lu ẹni tó wà lókèèrè. Òun ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ jù.

Ẹ̀ṣẹ́ náà ń lágbára sí i: olójú mẹ́fà ní ìpele 5, mẹ́jọ ní 11, mẹ́wàá ní 17. Òfin ọdún 2024 ti wá jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́fà.