Ìtàn Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko

Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Àwọn Àwórì, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà kan lára Yorùbá, ni onílẹ̀ níbẹ̀, àwọn Ògù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ẹ̀gùn, sì ni wọ́n jọ pààlà láti ayébáyé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìyẹn ìtàn tí baba ń sọ fún ọmọ láìsí nínú ìwé, fi yé ni pé Olófin Ògúnfúnminírè kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ó ń tọ ipa àwo kan tó léfòó lójú omi, títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí, létí Odò Ògùn, àti pé láti ìhà ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti tàn kálẹ̀ dé etí ọ̀sà.

Ọ̀sà ni omi tó tẹ́ rẹrẹ sẹ́yìn òkun, tí ilẹ̀ iyanrìn sì la àwọn méjèèjì láàárín. Kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ló ń kó ẹja, àgbọn àti irè oko gba ojú ọ̀sà lọ sí ọjà Èkó àti Àgbádárìgì. Yàtọ̀ sí àwọ̀n, àwọn apẹja tún ń lo ìgèrè, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ gígùn tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ṣùgbọ́n tí ọ̀fun rẹ̀ fún, tí ṣóńṣó àwọn igi rẹ̀ sì kọjú sínú, tó fi jẹ́ pé ẹja tó bá ti wọlé kì í rí ọ̀nà jáde mọ́. Ọlọ́jọ́ ni ọba Ọ̀jọ́, Oníba sì ni ọba Ìba.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, Àgbádárìgì sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní 1863. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó fi Ìbàdàn ṣe olú-ìlú, ló ń ṣàkóso agbègbè náà, títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1967. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní agbègbè náà ní 1975. “Volks” ni àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe ibùdókọ̀ tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dé ní 1983, ọjà Alábà sì sọ Ọ̀jọ́ di ojúko títa rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo Nàìjíríà.

Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni ilẹ̀ ń gbówó lórí, tí ẹjọ́ ilẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tó ń jogún rẹ̀ tẹ̀ léra láìfo ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ̀wé kọ nínú ìdílé, kí ó jókòó ti àwọn àgbà, kí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tó gbọ́ ọ sí i.