Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ̀bùn Gilman

Ìbéèrè: Owó Pell, ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, ni ọmọbìnrin mi fi ń kàwé ní yunifásítì níhìn-ín. Ó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Bàhíà, ní Brazil, fún sáà kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru tí mò ń ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó kò lè gbé e. Ṣé ọ̀nà wà? — Ìyá Àdùkẹ́, Houston.

Ìdáhùn: Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ òru. Ọ̀nà wà, nítorí owó Pell náà gan-an, tí àwọn kan ń wò bí àmì òṣì, ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀bùn Gilman, tí òfin ọdún 2000 dá sílẹ̀ ní orúkọ Benjamin Gilman, aṣòfin láti New York, kí ẹ̀kọ́ òkèèrè má baà jẹ́ ti ọmọ olówó nìkan. Bí ó bá ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó lè gbà tó 5,000 dọ́là.

Ìwé àlàyé tí a fi ń tọrọ ẹ̀bùn náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Kí ó má kọ pé òun fẹ́ràn ìrìn-àjò (ta ni kò fẹ́ràn rẹ̀?), kí ó kọ nípa ìyá tí ń bọ́ bàtà iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí, ìdí tí ó fi jẹ́ Bàhíà, àti ohun tí yóò ṣe fún ará ilé nígbà tí ó bá padà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè: agbaninímọ̀ràn ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ àti ti owó ìrànwọ́ nílé ìwé rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìtọrọ rẹ̀. Kí ó tètè lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí.