Oògùn Oko Kì í Ṣe Ọṣẹ Rọ́ọ̀gì

Ìwé pẹlẹbẹ ìlera fún gbogbo ilé ní Atosin, Ìdànrè

Bí rọ́ọ̀gì pálọ̀ bá dọ̀tí, ẹ lè gbọ̀n ọ́n kí ẹ sì gbá a, ẹ lè fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ sì lè pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Èyí tí agbára yín bá ká nínú wọn dára. Ọ̀nà kẹrin ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí: kí èèyàn mú DDVP tó ṣẹ́kù láti oko, tàbí Sniper, tàbí ọ̀tapíapíà ọjà, kó bù ú sínú omi ọṣẹ, kó fi fọ rọ́ọ̀gì kí ìdun àti aáyán lè kú tán.

Dichlorvos ni orúkọ ohun tó wà nínú DDVP àti Sniper, òun náà ló sì sábà máa ń wà nínú ọ̀tapíapíà. Oko ni wọ́n ṣe é fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn oògùn apakòkòrò tó léwu gan-an. Lọ́dún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré, mílílítà 100 sísàlẹ̀. Síbẹ̀, ìgò náà ṣì ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ yín.

“A ti ṣí fèrèsé, òórùn rẹ̀ ti lọ.” Ohun tí a máa ń gbọ́ nìyẹn lẹ́nu ẹni tó gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní imú la fi ń wọn májèlé? Bó bá dà sórí simẹ́ńtì, ẹ lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Rọ́ọ̀gì ní tirẹ̀ ń mu ún wọnú òwú àti fóòmù abẹ́ rẹ̀, á sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin jókòó sórí àga. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló ń rá lórí rọ́ọ̀gì, tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òwú, tó ń ti ọwọ́ tó fi rá bọ ẹnu. Èémí ń fà á, awọ ara ń fà á, ọmọ tún ń gbé e mì. Ìwọ̀n tó máa kàn fọ́ yín lórí lásán lè gba èémí lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

A tún un sọ: òórùn lè lọ kí oògùn má tíì lọ. Ẹ sọ fún ìyá àgbà, ẹ sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ sọ fún bàbá tó gbé ìgò bọ̀ láti oko.

Àmì rẹ̀ rèé. Itọ́ á máa dà ṣáá, omi á máa bọ́ lójú, òógùn á bo ara, ọmọ á máa bì, á máa yàgbẹ́, ọmọlójú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, àyà á máa dún, iṣan ara á máa jà. Bí ara bá wá ń gbọ̀n, wọ́n á ní gìrì ni. Wọ́n á wá àgbo, wọ́n á rọ epo pupa sí ọmọ lẹ́nu. Epo pupa kì í pa májèlé yìí! Ọmọ tí kò rí èémí mí, tí ẹ ń rọ epo sí lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ni epo ń lọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, atropine ni, ilé ìwòsàn ló sì wà. Ìgbà tí ẹ fi ń wá epo kiri ni ọ̀kadà ì bá ti gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí, ẹ gbé ọmọ bọ́ síta. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́ kíákíá, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀. Ẹ mú ìgò náà dání. Ẹ má torí ìtìjú fi í pamọ́. A ò ní bá yín jà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn nǹkan míì náà. Hypo: ẹ má pò ó mọ́ Harpic, ẹ má sì dà á sórí ìtọ̀ ọmọ. Gáàsì rẹ̀ ń jó ọ̀fun.

Kẹrosínì àti pẹtiróòlù: ẹ má fi wọ́n fọ rọ́ọ̀gì, wọ́n lè gbiná.

Ìdun ń kọ́? Ooru ló ń pa á. Ẹ fi omi gbígbóná tí ọwọ́ kò lè gbà fọ rọ́ọ̀gì níta, ẹ tú àga wò níbi tí wọ́n ti rán an, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ẹyin tó bá pa lẹ́yìn yín. Ọjọ́ tí oòrùn mú ni kí ẹ fọ̀ ọ́, kó lè gbẹ kí ọjọ́ kejì tó pé. Rọ́ọ̀gì tó bá tutù pẹ́ máa ń bu, ó sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀. Àpáta tí ẹ máa sá a sí kò wọ́n ní Ìdànrè.

Rọ́ọ̀gì tó ti mu DDVP, ẹ gbé e kúrò nílé lónìí. Ẹ má gbé e lọ fọ̀ lódò. Ẹlòmíì ń pọn omi náà mu. Bí owó òmíràn kò bá tíì sí, kí ọmọ máa rá lórí simẹ́ńtì.