Wíwàásù Òdodo Ọlọ́run: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Oníwàásù

Ọ̀dọ́ oníwàásù tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òdodo Ọlọ́run, èyíinì ni pé Onídàájọ́ ayé kì í ṣègbè, kò gbọdọ̀ rò pé igbe ni yóò bá òun ṣe é. Ó sàn kí ó jókòó ti ìwàásù tí Jonathan Edwards ṣe ní Northampton, ní Massachusetts, nígbà ìsọjí 1734 sí 1735, lórí bí Ọlọ́run ti jàre bí ó bá dá ẹlẹ́ṣẹ̀ lẹ́bi. Èyí tí ó ṣe ní Enfield ní 1741 ni òkìkí rẹ̀ kàn jù, ṣùgbọ́n ti Northampton ni ó wúlò jù fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́.

Róòmù 3:19, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé òfin pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́, ni Edwards dúró lé, ó sì tẹ̀lé ìlànà àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní Ìjọ ilẹ̀ wọn kò tíì mọ́ tó: a ka ẹsẹ, a fa ẹ̀kọ́ kan yọ, a sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà olùgbọ́. Ó ní bí ọlá ẹni tí a ṣẹ̀ bá ti tó ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe ń wúwo tó. Níwọ̀n bí ọlá Ọlọ́run kò ti lópin, ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá sí i kò lópin, ìyà rẹ̀ náà kò sì lópin. Ẹni tí ó mọ̀ pé èébú tí a bú ẹgbẹ́ ẹni yàtọ̀ sí èyí tí a bú ọba kò ní pẹ́ lóye rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí olùgbọ́: báwo ni ó ti ṣe sí Ọlọ́run, sí Kristi, sí ọmọnìkejì, sí ẹ̀mí ara rẹ̀? Bí Ọlọ́run bá kọ̀ ọ́, kí ni ó ṣe fún un tí òun kò ti kọ́kọ́ ṣe fún Ọlọ́run? Ibí yìí gan-an ni ẹnu ti ń pamọ́, ti oníwàásù sì wà lára ẹnu náà, bí ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ máa ń gbàgbé. Edwards kì í fi ohùn halẹ̀. Inú ìwé pélébé tí a fi ọwọ́ rán pọ̀ ni ó ti ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Inú ìwé kan náà tí ó gbé ìwàásù yìí jáde ní 1738 ni ti ìdáláre nípa ìgbàgbọ́ wà, ìyẹn ni pé Ọlọ́run ka ẹlẹ́bi sí olódodo nítorí Kristi, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá wàásù ti àkọ́kọ́ láìwàásù èkejì dà bí oníṣègùn tí ó sọ orúkọ àrùn fún aláìsàn, tí ó sì gbé àpò rẹ̀ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1735, mọ̀lẹ́bí Edwards kan, tí ìdààmú nípa ìgbàlà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí oorun sùn, pa ara rẹ̀, ìsọjí náà sì rọlẹ̀. Nítorí náà, olùgbọ́ tí oorun ti dá lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń fi ìwàásù mìíràn kún ti àná fún. Ilé rẹ̀ ni kí oníwàásù lọ, kí ó jókòó tì í, kí ó sì pe àwọn ará ilé rẹ̀ àti dókítà mọ́ ọn.