KÍ Á TÓ RA DÍRÓNÙ



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí kì í ṣe ti ìrun tàbí ti ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan owó yín, ó kan iṣẹ́ yín, ó sì kan ẹ̀tọ́ aládùúgbò yín. Ọ̀rọ̀ dírónù ni, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ dúró sórí ilẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, ìwọ̀nba ni ayẹyẹ yìgì ńlá tí ènìyàn ó lọ lóde òní tí kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè orí, bí ìgbà tí oyin bá ń kùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò fẹ́ rà á, àwọn ọmọ àgbẹ̀ tó ti ilé ìwé gíga dé náà fẹ́ rà á. Ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi wá nílé kéú ni pé, “Áfà, èwo ló dára jù nínú rẹ̀?”

Ìbéèrè yìí kò tíì pé. Bí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ní kí ó ta ọkọ́ tó dára jù fún òun, alágbẹ̀dẹ yóò bi í bóyá ebè ni ó fẹ́ kọ tàbí koríko ni ó fẹ́ ro. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dírónù rí. Ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi í ṣe kí ẹ tó béèrè orúkọ àti iye rẹ̀.

Èyí tí ojú wa mọ̀ jù ní fáànù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè gbéra lójú kan, ó lè dúró sójú kan lófurufú bí àṣá tó ń ṣọ́ òròmọdìẹ, ó sì lè balẹ̀ sí ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní ìkírun lọ. Ṣùgbọ́n fáànù nìkan ló gbé e dúró, nítorí náà bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Oríṣi kejì ní apá bíi ti ọkọ̀ òfurufú ńlá. Kò lè dúró lójú kan, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbé, ó sì ń lọ jìnnà. Irú èyí ni ilé iṣẹ́ Zipline fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ní Rwanda lóṣù kẹwàá ọdún 2016. Wọ́n dé Ghana ní 2019, wọ́n sì dé Ìpínlẹ̀ Kaduna ní 2022. Ẹ̀rọ kan ló ń ta á sókè bí ìgbà tí ọmọdé bá fi kànnàkànnà ta òkúta. Bí ó bá dé ilé ìwòsàn, kì í balẹ̀, ńṣe ló ń ju ẹrù náà sílẹ̀ pẹ̀lú abùradà kékeré tí a fi pépà ṣe. Ẹrù rẹ̀ kò tó kílò méjì, ṣùgbọ́n ó lè lọ ọgọ́rin kìlómítà kí ó sì padà sílé. Ẹni tó fẹ́ ya àwòrán ìyàwó kò ní ohun kan í fi í ṣe.

Fún ẹni tó fẹ́ ya àwòrán, yálà fún ìgbádùn ara rẹ̀ tàbí fún owó, èyí tó kéré tó sì ń ká apá pọ̀ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ DJI ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mini nínú tiwọn kò ju gíráàmù 249 lọ. Kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ó pé 250? Nítorí pé ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn ìlú mìíràn, ẹni tó ń fi dírónù ṣeré kò nílò láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àyàfi bí ó bá tó gíráàmù 250. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ilé iṣẹ́ náà sọ pé Mini 2 yóò fò fún ìṣẹ́jú 31, wọ́n ní Mini 4 Pro yóò lo 34. Ibi tí atẹ́gùn kò sí ni wọ́n ti wọn ìṣẹ́jú yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ padà sọ́wọ́ òun, kí ó ka á sí ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ẹ má ṣe ná gbogbo owó tán sórí ẹ̀rọ nìkan. Wòlímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ lè má parí títí di ìrun Àsárì, iná mànàmáná kò sì ní dúró dè yín. Bátìrì mẹ́ta, fáànù ìpààrọ̀ àti ohun tí ẹ ó fi gba iná sí i lójú agbo wà nínú iye tí ẹ ó kà kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni tiwa. Mini 2 lè dúró lójú atẹ́gùn tó ń sáré tó mítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ìjì tó máa ń ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò wa ń sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru tí wọ́n ní kí ó má kọjá ni ogójì lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá fi bátìrì sínú mọ́tò tí a pa fèrèsé rẹ̀ dé lóṣù kẹta yóò rí ooru tó ju ìyẹn lọ kí ó tó kí ìrun Àsùhúrì tán. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e gbéra, kí eruku má baà wọ inú mọ́tò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé, tí kò ní GPS, atẹ́gùn yóò gbé e lọ bí ewé. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ọwọ́ nínú ilé, nítorí pé bí ó bá fọ́, àdánù rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ti oko, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, wíwo oko àti fífín oògùn. Dírónù kékeré tó ń ya àwòrán tó láti fi wo oko. Yóò fi ibi tí àgbàdo ti ń pọ́n hàn yín, àti ibi tí màlúù ti wọlé lóru. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ OpenDroneMap, ọ̀fẹ́ ni, tó lè so ọgọ́rùn-ún àwòrán pọ̀ di àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àwòrán Mini yanjú ìjà ààlà. GPS inú rẹ̀ lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà, mítà méjì sì ti tó láti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ń lò, bíi Phantom 4 RTK tó jáde ní 2018, ń bá ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí ilẹ̀ ṣiṣẹ́, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ. Síbẹ̀ náà, awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló lè fọwọ́ sí pílánù.

Afínnioògùn ni ọmọkùnrin púpọ̀ ń lá àlá rẹ̀. Agras T30 ń gbé 30 lítà, T40 ń gbé 40. Bí ó bá gbé e kún, kì í lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lókè tí yóò fi balẹ̀ gba bátìrì mìíràn. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹ ó ní bátìrì púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá, táǹkì omi, mọ́tò tí yóò kó wọn, àti ènìyàn méjì ó kéré tán. Páǹpù tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn lè lo nǹkan bíi 200 lítà omi fún hẹ́kítà kan, dírónù lè fi lítà 10 sí 20 ṣe é. Ó dùn mọ́ni, àbí? Ṣùgbọ́n oògùn tí omi rẹ̀ kéré báyẹn ti ki gan-an. Bí atẹ́gùn bá gbé apakoríko lọ sórí ẹ̀gẹ́ oníbodè yín, ta ni yóò san án? Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó ní hẹ́kítà márùn-ún má rà á. Kí àwọn tí oko wọn wà létí ara wọn kó owó jọ, kí wọ́n háyà ẹni tó ní i tó sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ẹ̀kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ náwó lé.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló kù, ìdí rẹ̀ sì ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí. Láti 2016 ni àjọ NCAA tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú ti kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, tí wọ́n ń pè ní ONSA. Ẹni tó bá fẹ́ kó o wọlé láti òkè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé End User Certificate lọ́wọ́ ONSA kí ó tó dé. Ibí ni gíráàmù 249 ti ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n gbọ́ pé kò nílò ìforúkọsílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n wọn fi í sínú àpò bọ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù sì gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Òfin Amẹ́ríkà kò sí lẹ́nu ibodè Nàìjíríà. Ẹ gba ìwé kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ oníṣòwò nílẹ̀ yìí, ẹ ní kí ó fi ìwé tó fi kó o wọlé hàn yín.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìjọba kàn ń ni wá lára ni. Lóṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun òfurufú tó wà nínú Operation Hadin Kai fòfin de fífo dírónù láìgbàṣẹ ní ìhà ìlà-oòrùn àríwá, nítorí ẹ̀rù pé àwọn agbésùmọ̀mí ń lò ó. Àwa náà wà lẹ́nu ibodè Benin, igbó ńlá Old Oyo National Park sì wà lẹ́bàá wa. Ọdẹ tàbí Àmọ̀tẹ́kùn tó bá rí iná tó ń ṣẹ́jú lókè igbó lálẹ́ kò mọ̀ pé ìwọ ń ya òṣùpá. Ẹ sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ sọ fún baálẹ̀ àti àwọn ọdẹ, ẹ fò ó lọ́sàn-án, ẹ má sì jẹ́ kí ó ga ju 120 mítà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ya adágún orí òkè Adó-Àwáyé, ọ̀dọ̀ ọba àti àwọn àgbà ìlú ni kí ẹ kọ́kọ́ dé.

Òmíràn tún wà tí òfin ìjọba lè má rí. Ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ agbo ilé wa kò ní òrùlé. Ògiri ni wọ́n fi bo ara wọn, wọn kò sì fi ọkàn sí òkè, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ti òkè wò wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìyá arúgbó ń wẹ̀ níbẹ̀, ẹlẹ́hàá ń ṣí ìborí rẹ̀ nínú àgbàlá. Ìwọ wá gbé kámẹ́rà kọjá lórí wọn nítorí pé o fẹ́ ya mọ́tò ìyàwó. Súúrà Nuuru kọ́ wa pé kí á tọrọ ààyè kí á tó wọ ilé onílé, Súúrà Hujuraat sì kọ̀ fún wa láti máa tọ pinpin ara wa. Òkè ilé náà ilé ni. Ẹ wo ọ̀nà tí dírónù yóò gbà láti ìdáná kí ó tó gbéra, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ilé tó wà lọ́nà náà, ẹ sì pa àwòrán tó bá ṣèèṣì wọlé rẹ́ lójú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ da owó rà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ tó gùn jù nínú Àlùkùránì, nínú Súúrà Bakọra, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Iye tí olúkálukú mú wá, bí a ó ṣe pín èrè, àti ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá já sínú odò, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí.

Tòkunbọ̀ náà wà, owó rẹ̀ sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ti DJI a máa so mọ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ní i, nítorí náà kí olówó tẹ́lẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níwájú yín kí ẹ tó ka owó fún un. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n ti gba iná sí bátìrì, ó ń hàn lójú fóònù. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má gbà á kódà bí wọ́n bá fi ṣe ẹ̀bùn, ó lè gbiná.

Iléyá ń bọ̀, mo sì mọ̀ pé wọn yóò bẹ̀ yín láti ya Yídì. Ẹ ya ogunlọ́gọ̀ ènìyàn náà láti ẹ̀gbẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń tò jọ, kí fáànù kan má baà já lu orí ẹnikẹ́ni. Bí Lèmọ́ọ̀mù bá ti dìde, kí dírónù ti wà nínú àpò, kí ẹni tó ń darí rẹ̀ sì ti wà nínú sàfú.