Oníbodè Àárín Ọ̀nà: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko Tí Yóò Pààrọ̀ Bàálù

Láti Ìyànà-Ìbà títí dé Okokomaiko, ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kò ní rìn jìnnà kó tó rí ejẹ́ǹtì. Ọmọ LASU tó ti gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì òkè òkun ń bẹ níwájú tábìlì rẹ̀, ọlọ́jà Alábà tó ń lọ kó ọjà ní Guangzhou ń bẹ níbẹ̀, ìyá tó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ ní Toronto náà ti fi àpò sẹ́sẹ̀ jókòó. Èló ni? Ìyẹn ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń béèrè. Èyí tó yẹ kó ṣáájú kì í sábà jáde lẹ́nu wọn: níbo ni bàálù yìí yóò ti já mi sílẹ̀ kí n tó wọ òmíràn, kí sì ni òfin ibẹ̀ wí fún ẹni tó mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́?

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń gba ìlú kan kọjá lọ sí òmíràn kò lè ṣe kó má bá oníbodè pàdé, bí kò tilẹ̀ ní ohunkóhun í ṣe nínú ìlú náà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni físà tráńsíìtì rí. Ìwé àṣẹ ni, tí orílẹ̀-èdè kan ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ wọ ìlú wọn rárá, tó kàn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù kan, kó jókòó díẹ̀ nínú pápákọ̀ òfurufú, kó sì wọ òmíràn. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń béèrè rẹ̀, àwọn tó sì ń béèrè rẹ̀ kì í béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò.

Ọ̀nà Yúróòpù

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó jù, nítorí ibẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì púpọ̀ ń gbà kọjá: Párísì, Frankfurt, Amsterdam. Orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú àdéhùn Schengen ń lo òfin físà kan náà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2009, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní April 2010. Nínú òfin náà, wọ́n to orúkọ orílẹ̀-èdè 12 tí ọmọ wọn gbọ́dọ̀ gba físà tráńsíìtì kó tó lè pààrọ̀ bàálù ní pápákọ̀ èyíkéyìí ní Schengen. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ti Áfíríkà: Nàìjíríà, Gánà, Etiópíà, Eritrea, Somalia àti Congo ti Kinshasa. Aládùúgbò wa ní Benin àti Tógò kò sí nínú méjìlá yẹn.

Òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀. Ẹni tó ní físà Schengen tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tàbí ìwé ìgbélùú ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè wọn, kò nílò físà tráńsíìtì. Ẹni tó ní físà Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá náà bọ́ nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ orílẹ̀-èdè tó fún un ní físà náà ló ń lọ tàbí ibòmíràn. Bó bá sì ti lo físà náà tán tó ń padà bọ̀ wálé, wọ́n ṣì gbà á láyè. Nítorí náà, ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ ní Toronto lè gba Párísì kọjá tòun ti físà Kánádà rẹ̀, láìsí wàhálà. Ọlọ́jà Alábà tó ní físà Ṣáínà nìkan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Frankfurt. Físà Ṣáínà kò já mọ́ nǹkan kan lójú oníbodè Jámánì.

Ibi tí ó ti ń dun àwọn ènìyàn wa jù lọ ni ti Ìlú Ọba. Nígbà tí Ìlú Ọba ṣì wà nínú Àjọṣepọ̀ Yúróòpù, físà rẹ̀ máa ń la ọ̀nà Párísì àti Amsterdam fún ọmọ Nàìjíríà. Ìlú Ọba ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tí 2020 parí, tí àsìkò ìdágbére náà sì tán, àǹfààní yẹn bá a lọ. Físà Ìlú Ọba kò sí mọ́ lára àwọn tí òfin Schengen dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Post Service tó ti gba físà yunifásítì ní Manchester, tó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì tó gba Frankfurt nítorí pé ó dínwó, gbọ́dọ̀ tún lọ gba físà tráńsíìtì. Ará London tó ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, tó ń bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì ní Iba Estate, kó wo èyí dáadáa: àlọ àti àbọ̀ ló kàn án. Ẹni tó bá ti gba pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá mú un dání.

Owó físà tráńsíìtì Schengen kò dín sí ti físà àbẹ̀wò. €90 ni láti June 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí mẹ́ta péré lẹ fẹ́ lò níbẹ̀. Ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè tí ẹ óò ti pààrọ̀ bàálù lẹ máa kọ̀wé sí. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ń gba ibẹ̀ lọ, tí ẹ ó sì gba ibẹ̀ bọ̀, ẹ tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fẹ́. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń balẹ̀ lálọ, kí wọ́n tó rí i lábọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sára físà.

Físà yìí kò sì ju inú ọgbà pápákọ̀ lọ. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá gba Párísì, tó tún gba Frankfurt kó tó kọjá sí òkè òkun, ẹ ti wọ Schengen nìyẹn, nítorí ìrìn láti Párísì sí Frankfurt dà bí ìrìn inú ilé fún wọn. Físà àbẹ̀wò gan-an lẹ nílò, kì í ṣe ti tráńsíìtì.

London, Amẹ́ríkà àti Kánádà

Ìlú Ọba ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oríṣi méjì ni. Èkíní wà fún ẹni tí kò ní kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, tí yóò dúró sínú Heathrow títí bàálù kejì yóò fi gbéra. Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà á, àyàfi bó bá ní ohun tó yọ ọ́ sílẹ̀, bíi físà Amẹ́ríkà, Kánádà, Australia tàbí New Zealand tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Èkejì wà fún ẹni tí yóò kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè kó tó dé ibi bàálù kejì, wákàtí 48 sì ni gbèdéke rẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀ ní Heathrow tó ní láti lọ wọ bàálù ní Gatwick, èkejì yìí ló nílò. Ẹ rántí pé ọkọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn láti Heathrow dé Gatwick.

Ní ti Amẹ́ríkà, kò sí à ń jókòó sínú pápákọ̀ láìwọ̀lú. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ló ń to lọ́dọ̀ aṣọ́bodè, tó ń gbé ẹrù rẹ̀, tó tún ń fi í sílẹ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ Jamaica ló ń lọ. Físà tráńsíìtì wọn, tí wọ́n ń pè ní C-1, tàbí físà àbẹ̀wò ni yóò gbà yín kọjá. Kánádà ń béèrè físà tráńsíìtì lọ́wọ́ wa bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ni, fún wákàtí 48.

Àwọn ọ̀nà tí kò ní oníbodè púpọ̀

Ìdí nìyí tí ọlọ́jà Alábà fi fẹ́ràn Addis Ababa. Bí ẹ bá dúró sínú pápákọ̀ níbẹ̀, tí tíkẹ́ẹ̀tì yín sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo dé òpin ìrìn, ẹ kò nílò físà tráńsíìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Istanbul, Doha àti Dubai. Kigali rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Rwanda ń gba ọmọ Áfíríkà wọlé láìsí físà. Lomé, tó jẹ́ ibùdó bàálù Asky, kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní físà ńlá kankan nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kò ní ìdí tó fi yẹ kó gba Yúróòpù lọ sí Ṣáínà tàbí Brazil, bó ti wù kí tíkẹ́ẹ̀tì náà dínwó tó.

Ọ̀rọ̀ “tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kan ṣoṣo” yẹn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ejẹ́ǹtì mìíràn máa ń so tíkẹ́ẹ̀tì méjì tí kò mọ ara wọn pọ̀, kí owó lè wálẹ̀: ilé-iṣẹ́ kan gbé yín dé Istanbul, òmíràn tó dá dúró gbé yín lọ. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò mọ ẹrù yín kọjá Istanbul. Ẹ óò jáde lọ gbé e, ẹni tó bá sì fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ ní físà ìwọ̀lú Tọ́kì. Istanbul tún ní pápákọ̀ ńlá méjì, IST àti SAW, omi òkun ló pín ẹ̀bá méjèèjì níyà. Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gba ìwé ìrìn náà, kí ẹ ka lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀. LOS ni Èkó. CDG ni Párísì, FRA ni Frankfurt, LHR ni Heathrow, LGW ni Gatwick, ADD ni Addis. Bí ẹ bá rí i pé ẹ sọ̀ ní LHR tí ìrìn kejì sì bẹ̀rẹ̀ láti LGW, ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ ìrìn, ẹ wo bébà tí wọ́n so mọ́ báàgì yín kó tó wọlé lọ: lẹ́tà ibi tí ẹ ń lọ gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ibi tí ẹ óò ti pààrọ̀ bàálù.

Ìkẹjà ni wọ́n ti ń dá ni padà

Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀hún ni wàhálà yóò ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn yóò bá wọn sọ ọ́ bí àwọn bá débẹ̀. Rárá o. Ẹni tó jókòó sí káńtà ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ló máa gba pásípọ́ọ̀tù yín, tí yóò tẹ ibi tí ẹ ń gbà àti ibi tí ẹ ń lọ sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò sì ka ohun tí Timatic, ìwé òfin ìrìnnà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ń lò, bá sọ. Ẹ̀bẹ̀ kò ràn án. Ìlú Ọba lè bu owó ìtanràn £2,000 lé ilé-iṣẹ́ bàálù lórí èrò kan tí ìwé rẹ̀ kò pé, òfin Yúróòpù náà sì ní owó ìtanràn tirẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣàánú yín lórí ìyẹn.

Ṣé ẹ fẹ́ gba Kútọnu?

Okokomaiko wà lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ó sì ń wu àwọn kan láti kọ ẹ̀yìn sí Mile 2, kí wọ́n gba Àgbádárìgì lọ wọ bàálù ní Kútọnu. Kò burú. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní 90 ọjọ́ ní Benin láìsí físà. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbà gbọ́ pé bí àwọn bá gbéra láti Kútọnu, òfin Schengen kò ní mú àwọn. Irọ́ ni. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìbáà ṣe Ìkẹjà ìbáà ṣe Kútọnu lẹ ti wọ bàálù. Bí ẹ bá sì máa gba ibẹ̀, ẹ má gun ọ̀kadà wọ inú igbó kọjá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà àti òǹtẹ̀ ìwọlé Benin sínú pásípọ́ọ̀tù yín ní Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ sì mú káàdì yẹ́lò, ìwé àjẹsára yín, dání. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà náà, wọ́n pọ̀. Ẹ tẹ́tí sí ìròyìn pẹ̀lú: láti August 2019 títí di December 2020 ni ìjọba ti ibodè yẹn pa.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ọmọ ECOWAS kò nílò físà. Àwọn yòókù lè gba físà Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní May 2025. Ẹni tó fẹ́ ti Ìkẹjà wọ bàálù inú ilẹ̀ lọ sí Abuja yóò jáde kúrò ní ti òkèèrè, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìwọ̀lú.

Ó ku ọ̀nà tí ẹ óò gbà dé pápákọ̀ Ìkẹjà. Reluwé aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní September 2023 dúró ní Mile 2, Marina ló sì dojú kọ, kì í ṣe Ìkẹjà. Nítorí náà ọkọ̀ ni. Ẹ lè gba Mile 2 sí Òṣòdì, ibi tí àwọn tirela Àpápá máa ń há mọ́, tàbí kí ẹ yà ní Ìyànà-Ìbà, kí ẹ gba ọ̀nà LASU kọjá Ìbà àti Ìgàńdó sí Ìyànà-Ìpájà, kí ẹ tó yí sí Ìkẹjà. Èmi á mú ti Ìgàńdó. Ọ̀pọ̀ bàálù Yúróòpù máa ń gbéra lálẹ́, wákàtí mẹ́ta ṣáájú ló sì yẹ kí ẹ ti wà ní káńtà, nítorí náà ẹ fi ilé sílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó máa bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, físà àti ìwé ibi tí ẹ óò dé sí sórí bébà ní ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà níwájú géètì LASU, nítorí pé fóònù lè kú sọ́wọ́ yín ní ojú káńtà gan-an.